Fìlà Fúlàní tó wà lára ògiri olórí abúlé wa

Irọ́ kan wà tí mo pa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Mo rò pé yóò ti kú kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà... kò kú o. Ó dàgbà, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó ń bá wa jẹun. Ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n ní kí n dìde níwájú gbogbo abúlé kí n tún un pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ má bínú pé mi ò kí yín dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó ti rẹ̀ mí ni. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Mi ò ní sọ orúkọ mi. Abúlé mi wà láàrin Kétu àti Odòmẹ́ta, ẹ má bi mí èwo nínú wọn. Àgbẹ̀ ni mí, àgbàdo àti ẹ̀pà ni mò ń gbìn. Ìwé tí mo kà kò ju CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ, ìdánwò tó yẹ kí n fi jáde níbẹ̀, èmi àti ẹ̀ ò gbọ́ra wa yé... nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá ń rìn ségesège, ẹ bá mi tì í. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ló fi ojú ewé yìí hàn mí lórí fóònù rẹ̀, òun náà ló sì hú ọ̀rọ̀ yìí síta láìmọ̀, tàbí bóyá ó mọ̀, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé sí mi lára mọ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Fúlàní kan wà, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Sambo. Ẹ̀yìn oko mi ni àgọ́ rẹ̀ wà nígbà náà, òun àti Kumba ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Bí a bá ti kórè àgbàdo tán, yóò wá kí mi, yóò jókòó sórí àpótí, yóò bi mí bóyá kí àwọn màlúù wọlé. Màá ní kí wọ́n máa bọ̀. Wọn á jẹ pòròpórò, wọn á yàgbẹ́ sílẹ̀ fún mi, ìgbẹ́ yẹn ni ajílẹ̀ mi, àgbàdo mi a sì máa yọrí ju ti àwọn tó ń ra ajílẹ̀ inú àpò lọ. Kumba náà á fi wàrà ránṣẹ́ sí ìyàwó mi. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn, kò sí ìwé láàrin wa, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sì sí ìjà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àparò fẹ́ sọ mí di wèrè. Bí mo bá gbin àgbàdo lónìí, lọ́la wọn á ti fẹsẹ̀ hú u jẹ. Mo wá gé igi méjì, mo dè wọ́n pọ̀ bí àgbélébùú, mo wọ̀ wọ́n ní agbádá mi àtijọ́ kan. Aṣọ́komásùn ni mò ń ṣe, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, igi tí a máa ń wọ̀ láṣọ sínú oko kí ẹyẹ lè rò pé èèyàn ni. Ó wá ku orí. Sambo ń kọjá lọ, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, ó ní àparò kì í bẹ̀rù aláìlórí. Ó bọ́ fìlà orí rẹ̀ tó ti gbó, fìlà ṣóńṣó tí wọ́n fi koríko hun tí wọ́n rán awọ mọ́ létí yẹn, ó fún mi. Èmi fúnra mi ni mo fi ìṣó kàn án mọ́ orí igi kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ẹ fi ọkàn sí ìṣó yẹn o, ó ṣì ń bọ̀. Mo tún de ọ̀pá mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwa méjèèjì dúró, à ń wò ó, Sambo ní ó jọ àbúrò ìyá òun tó wà lókè lọ́hùn-ún ní àríwá, ẹni tí kì í kí èèyàn.

Àárín oko ni mo gbé e sí. Mo wá lọ sìnkú kan ní Pobẹ̀, mo lo ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, ìyàwó mi lọ sóko, ó rí i pé ẹ̀bá ọ̀nà ni àwọn àparò ti ń hú àgbàdo báyìí, ó fa igi náà tu, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà oko, ó rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Kò sọ fún mi. Kí ló fẹ́ sọ? Ẹni tó gbé àga láti yàrá kan sí òmíràn, ṣé yóò wá jẹ́jọ́ ni?

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sóko. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ìkùukùu sì bo ilẹ̀ débi pé agbára káká ni mo fi ń rí táyà iwájú. Bí mo ṣe yà sí ọ̀nà oko mi báyìí, mo rí Fúlàní kan tó dúró gbagidi. Fìlà lórí, ọ̀pá lọ́wọ́. Mo kí i. Kò dáhùn. Mo rò pé kò gbọ́ èdè wa, mo kí i ní ọ̀rọ̀ Fúlàní méjì tí mo mọ̀ láyé mi, jam wali. Kò dáhùn. Mo bi í bóyá àlàáfíà ni. Ó dákẹ́, ó ń wò mí... Ẹ wo ohun tó yẹ kó wá sí mi lọ́kàn: Sambo ọ̀rẹ́ mi, wàrà Kumba, fìlà tí mo fọwọ́ ara mi kàn níṣòó. Kò sí ọ̀kan tó wá. Ohun tí ìyá ìyá mi máa ń fi dẹ́rù bà wá ní kékeré ló wá, pé Fúlàní a máa fi ọ̀bẹ sábẹ́ ẹ̀wù, pé bí Fúlàní bá dákẹ́, ẹ̀mí èèyàn ló ń wọ̀n. Màmá yẹn kò bá Fúlàní kankan ṣe gbólóhùn asọ̀ rí kó tó kú, ó kàn fẹ́ kí a tètè sùn ni. Ogójì ọdún ni ọ̀rọ̀ yẹn fi dùbúlẹ̀ sínú mi bí ẹyin alángbá, àárọ̀ ọjọ́ náà ló pa. Ni afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Ni ọwọ́ agbádá bá gbéra sókè...

Mi ò ní parọ́ fún yín, irọ́ tó wà nílẹ̀ ti tó. Mo sá. Mo ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Mo ju àdá sílẹ̀, àdá tó jẹ́ pé òun ló yẹ kí n fi gbèjà ara mi. Bàtà ẹsẹ̀ òsì mi bọ́, mi ò bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin tó ti bí ọmọ mẹ́fà, tó máa ń sọ ní gbangba pé òun kò bẹ̀rù ejò, mo sá débi pé àwọn ewúrẹ́ tí mo bá lọ́nà bá mi sá, wọ́n rò pé mo rí nǹkan tí àwọn kò rí.

Ìdí pọ́ǹpù omi ni ẹsẹ̀ mi gbé mi dé, níbi tí àwọn obìnrin tò sí pẹ̀lú bàsíà wọn. Gbogbo wọn yíjú. Wọ́n ń bi mí kí ló dé, ta ló ń lé mi. Mo wẹ̀yìn wò, kò sí ẹnì kankan. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ṣé kí n wá sọ fún ogún obìnrin pé ẹnì kan dúró, kò sì kí mi, ni mo fi sá fi bàtà sílẹ̀? Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé Fúlàní ni, ó yọ ọ̀bẹ sí mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní mi ò mọ ibi tí mo ti mú ọ̀bẹ yẹn. Obìnrin kan bi mí èwo nínú wọn. Mo ṣì ń wá èsì nígbà tí èkejì ti bá mi dáhùn: “Èwo ni tèwo? Ṣé ìyàtọ̀ wà lára wọn ni?” Gbogbo wọn mi orí. Ẹ gbà mí gbọ́, ara tù mí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò bi mí ní ìbéèrè mọ́.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kí n tó mu omi tán, ọkùnrin mẹ́ta ti mú kùmọ̀ àti ìbọn ìdọdẹ, wọ́n ní kí n síwájú. Ìkùukùu ti ń ká kúrò nílẹ̀. Láti ọ̀kánkán ni mo ti rí i... mo rí agbádá mi. Èèyàn a máa mọ agbádá ara rẹ̀. Mo yára sọ fún wọn pé kí wọ́n gba inú igbó igi tẹ́ẹ̀kì yípo, kí a lè ká a mọ́ láti ẹ̀yìn. Wọ́n gbà, wọ́n ní ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Bí wọ́n ṣe wọ inú igbó ni mo sáré dé ibẹ̀, mo fa aṣọ́komásùn náà tu, mo ju igi ságbó, mo ká agbádá mo fi dí abẹ́ ẹ̀wù mi, ṣùgbọ́n fìlà já lára ìṣó, ó yí lọ sínú ebè. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ mú un, wọ́n ti yọ. Ọ̀kan gbé e sókè, ó pariwo pé Fúlàní ti sá, ó fi fìlà sílẹ̀! Wọ́n ń gbá mi léjìká. Wọ́n fún mi ní orúkọ akin kan lọ́jọ́ náà, orúkọ yẹn ni wọ́n ṣì fi ń pè mí, mi ò lè kọ ọ́ síbí, ẹ ó mọ̀ mí.

Olórí abúlé, délégué wa, gba fìlà náà, ó kan án mọ́ ògiri pálọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, ó ní ẹ̀rí nìyí. Ó ránṣẹ́ pe Sambo ní ìrọ̀lẹ́. Sambo wá, ó jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n nawọ́ sí fìlà, wọ́n bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ó wò ó. Ó wá wò mí. Mo wo ẹsẹ̀ òsì mi tí bàtà rẹ̀ ti sọnù. Sambo dákẹ́. Wọ́n ní ẹ ò rí i, kò lè fọhùn. Ó tó ọdún kan gbáko kí n tó mọ ìdí tó fi dákẹ́. Bí ó bá sọ pé òun ló ni fìlà náà, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Bí ó bá sọ pé òun fún mi ni, èwo nínú àwa méjèèjì ni wọn ó gbà gbọ́? Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó lè sọ tí kò ní di ẹjọ́ sí i lọ́rùn. Ìdákẹ́jẹ́ náà sì nìyí, wọ́n ti pè é ní ẹ̀bi.

Lọ́sẹ̀ kejì ó wá sílé mi. Ó jókòó sórí àpótí bí ó ti máa ń ṣe, ó bó ẹ̀pà jẹ díẹ̀, kò bínú, kò kígbe. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: “Ọ̀rẹ́, àparò á jẹ ọ́ lágbàdo o. Ṣé kí n mú fìlà mìíràn wá?” Mo ní rárá, ó ṣeun. Ó ní kò burú. Ó dìde, ó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin náà lè fọkàn yà á. Àwọn obìnrin kò ra wàrà lọ́wọ́ Kumba mọ́, wọ́n ní ta ló mọ ohun tí wọ́n ń bù sí i. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní kíláàsì kan pẹ̀lú àbíkẹ́yìn mi, àwọn ọmọ ń kọrin ọ̀bẹ sí i lọ́nà, kò lọ mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n má pọn omi ní pọ́ǹpù wa. Sambo kó àgọ́ rẹ̀ lọ sí òdìkejì igbó tẹ́ẹ̀kì, níbi tí omi wọn jẹ́ ti adágún, èyí tí màlúù àti èèyàn jọ ń mu. Ní gbogbo ọdún yìí, bí mo bá kórè tán, ó ṣì máa ń rán ọmọ rẹ̀ sí mi pé ṣé kí màlúù wọlé. Mo máa ń sọ pé kí wọ́n wọlé kí ọmọ náà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìtàn náà ti ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, mi ò ní agbára lórí rẹ̀ mọ́. Ó bá àwọn onízẹ́m, àwọn ọlọ́kadà wa, lọ sí ọjà, ó bá àwọn obìnrin lọ sí ìsìn, ó wọ mọ́ṣáláṣí. Ní bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo wà ní ibùdókọ̀ ní Kétu, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ń sọ fún wa bí àwọn Fúlàní méje tó gbé ìbọn ṣe lé àgbẹ̀ kan ní abúlé kan lọ́nà Odòmẹ́ta. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní háà, níbo gan-an ni? Ó dárúkọ abúlé mi. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo tètè lọ sílé lọ́jọ́ náà kí ilẹ̀ tó ṣú... ó tó ìdajì ọ̀nà kí n tó rántí pé èmi ni àgbẹ̀ náà.

Ìyàwó mi mọ̀. Òun ló gbé igi náà síbẹ̀, ta ni yóò mọ̀ bí kò ṣe òun? Kò tú mi síta rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ṣe bí ọkùnrin jù nínú ilé, á wò mí láti òkè délẹ̀, á ní: “Baálé mi, ẹ rọra o, ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà.” Èmi náà á rọra.

Ohun tó wá gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ni pé wọ́n gbẹ́ pọ́ǹpù tuntun kan sí apá ibi igbó tẹ́ẹ̀kì. Àwọn ọmọ Sambo wá bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn padà sún mọ́ tòsí, kí àwọn obìnrin àwọn lè máa pọn omi tó mọ́, nítorí àwọn ọmọdé wọn ń ṣàìsàn inú. Àwọn ọ̀dọ́ ní kò ṣeé ṣe láéláé, pé ṣé a ti gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe fún àgbà wa ni. Àgbà wa, èmi nìyẹn o. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń wọ ṣòkòtò ilé ìwé nígbà tí mo ń sá fún igi. Sátidé ni ìpàdé tí yóò yanjú rẹ̀.

Àsìkò náà gan-an ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ó ń kọ ìwé tí wọ́n ń fi jáde ní yunifásítì, mémoire ni wọ́n ń pè é, lórí bí àwọn èèyàn tó jọ ń gbé ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo ara wọn, àti bí a ṣe máa ń mú ọ̀rọ̀ ẹnì kan lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lára. Mo bi í bóyá wọ́n ń fi ìyẹn náà gba ìwé ẹ̀rí. Tọ́ńtọ́n ló máa ń pè mí, àbúrò òbí ẹni nìyẹn lédè Faransé. Ó ní, “Tọ́ńtọ́n, àìsàn tí a ò mọ ibi tó gbà wọlé, báwo la ṣe fẹ́ wò ó?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní màá mú un káàkiri, màá jókòó tì í, nítorí èmi ni àwọn èèyàn mọ̀. Òmùgọ̀ ni mí, mo rò pé ìtàn àtijọ́ ti àwọn baba wa ni yóò máa bèèrè.

Ilé tí a bá dé, ìbéèrè kan náà ni. Ẹ ní Fúlàní burú, kí ni wọ́n ṣe? Wọn á sọ ìtàn tèmi. Ṣé ẹ rí i fúnra yín? Rárá o, ẹni báyìí ló sọ fún mi. A ó dé ọ̀dọ̀ ẹni báyìí, á ní òun kò rí i, ìyàwó aránṣọ ló sọ fún òun. Ìyàwó aránṣọ ní àwọn onízẹ́m ló ń sọ ọ́. Bàbá kan ní wọ́n gé àgbẹ̀ náà létí. Mo jókòó síwájú rẹ̀. Ó wo etí mi ọ̀tún, ó wo etí mi òsì, ó ní, “Ó dáa, bóyá ọmọ ìyá yín kan ni.” Gbogbo èyí ni Àbẹ̀kẹ́ ń kọ. Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, á ya orúkọ wọn sórí ìwé ńlá kan, á fa ilà láti orí ẹni tó gbọ́ sí orí ẹni tó sọ. Ilà ń pọ̀, orúkọ ń dín kù bó ṣe ń lọ sókè. Ní Ọjọ́ Ajé, mo wo ìwé náà, gbogbo ilà ti pàdé ní ìdí pọ́ǹpù omi. Lókè pọ́ǹpù, ó ya àpótí kan tí kò kọ nǹkan kan sí. Àmì ìbéèrè ló wà nínú rẹ̀.

Ó wá ní ó kan èmi náà, kí n dáhùn ìbéèrè bí gbogbo èèyàn. Ó bi mí bóyá ẹnì kan ti torí ẹ̀yà mi fìyà jẹ mí rí. Ẹ ò rí mi! Mo sọ fún un bí mo ṣe ń bá àwọn bíríkìlà ṣiṣẹ́ ní Kútọnu nígbà èwe, bí màmá onílé kan ti gbà láti fún mi ní yàrá, ó wá bi mí níbi tí mo ti wá, mo ní Kétu, ó ní háà, Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá lọ́hùn-ún, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sin oògùn sẹ́nu ọ̀nà èèyàn, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Èmi tí mi ò mọ ewé kan fún orí fífọ́. Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Àbẹ̀kẹ́ rọra dúró kí n nu ojú. Ó wá ka ìbéèrè tó tẹ̀ lé e, bóyá èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíràn rí. Mo ní rárá. Mi ò tíì nu omi ojú tán o, mo ní rárá.

Ó kọ ọ́. Ó wá fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, fìlà inú pálọ̀ délégué ni. Ó ní òun yí inú rẹ̀ wò, òun rí ihò ìṣó méjì lórí ṣóńṣó rẹ̀, ọ̀kan ni èyí tí délégué fi kàn án mọ́ ògiri, èkejì ti dípẹtà, ó sì gba òkè wọlé. Ó ní, “Tọ́ńtọ́n, ta ló máa ń kan ìṣó mọ́ fìlà tó fẹ́ dé sórí?” Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí ẹ fẹ́ gbà nímọ̀ràn. Mo ní, “Àwọn Fúlàní, ẹ̀dá tó lè ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n.” Ó wò mí. Ó kọ èyí náà sílẹ̀ wérewére. Ó pa ìwé dé. Ṣé ó mọ̀? Ṣé kò mọ̀? Láti ìgbà yẹn, ó ń bu omi fún mi, ó ń kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe, kò sì tíì kọ nǹkan sínú àpótí yẹn.

Délégué ránṣẹ́ sí mi lánàá. Ó ní agogo mẹ́sàn-án ni ìpàdé, òun yóò gbé fìlà náà wá, èmi ni màá kọ́kọ́ dìde, kí n mú un lọ́wọ́, kí n sọ bó ṣe rí fún àwọn ọmọ kékeré tí kò mọ̀. Ó ní, “Ẹlẹ́rìí wa, ìwọ la gbójú lé.” Mo ní kò burú, ẹ̀gbọ́n. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Mo padà sóko lọ́sàn-án láti lọ ronú. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo pàdé Sambo ní ojú ọ̀nà, ibẹ̀ yẹn gan-an. Ó ti darúgbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Oòrùn ń mú ganrínganrín, kò sí ìkùukùu kankan, mo rí ojú rẹ̀ kedere, mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ ọmọ baba mi lọ. Mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: èmi tí mo gbẹ́ igi, tí mo wọ̀ ọ́ láṣọ, tí mo kan fìlà mọ́ ọn, mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn fún ọ̀rẹ́ mi. Kí n tó sọ̀rọ̀, Sambo ti kúrò lójú ọ̀nà, ó bọ́ sínú koríko, ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn, kí n lè kọjá. Mo bi í bóyá oòrùn kò pa á ni, tó fi bọ́ fìlà. Ó ní, “Àwọn èèyàn yín kì í fẹ́ rí fìlà yìí. Bí mo bá bọ́ ọ, àwọn obìnrin kì í sá.” Mo bi í láti ìgbà wo ló ti ń bọ́ ọ. Ó bi mí nípa àwọn ọmọ mi, ó ní kí n kí ìyàwó. Mo kọjá. Nígbà tí mo wẹ̀yìn wò, ó ṣì dúró sínú koríko pẹ̀lú orí lásán, ó ń dúró kí n jìnnà tó.

Ìyàwó mi ní kí n sọ ọ́. Ó ní òun yóò dìde lẹ́yìn mi, òun yóò sọ pé òun lòun gbé igi náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọn ó máa fi ṣe ẹlẹ́yà ní ìdí pọ́ǹpù títí ayé. Èmi ni. Àwọn ọmọdé á máa na ọwọ́ bí aṣọ́komásùn bí mo bá ń kọjá. Délégué yóò sọ pé mo fi òun ṣe òmùgọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sì ní parọ́. Bí mo bá sì sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí, àwọn ọmọ ọmọ Sambo á máa mu omi màlúù lọ. Mo tún rò ó pé kí n ṣàìsàn ní Sátidé. Mo ti dán ikọ́ wò láàárọ̀ yìí. Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti ìdí ààrò, kò wulẹ̀ yíjú, ó ní ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Sambo, kí n dọ̀bálẹ̀ fún un, kó tó di pé mo dojú kọ abúlé? Ṣé kí n sọ fún Àbẹ̀kẹ́ kó kọ orúkọ mi sínú àpótí rẹ̀, kí òun tó kàwé bá mi sọ ìyókù? Àbí kí n mú fìlà náà lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn, kí n fi ìka mi bọ inú ihò ìṣó yẹn, kí n jẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ ibi tó wà? Ẹ má sọ pé kí n lọ gbàdúrà, mo ti gbà á, mo gbọ́ èsì, ni mo fi wá bóyá ẹ̀yin ní òmíràn. Ọjọ́ méjì ló kù. Bí ẹ bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ rín in síbí kí ẹ tó dáhùn, kí etí mi lè ti mọ ohùn rẹ̀ kó tó di Sátidé.